Ohun Tí Ojú Fúnmi Ń Sọ Tí Èmi Àti Ìwọ Kò Gbọ́

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́bọ, lọ́sàn-án.

Olúmìdé, ọmọ mi,

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀kà ni, èmi àti ìyá rẹ. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, gbọ́ èyí ná: ara Fúnmi ti le. Ojú iṣẹ́ abẹ náà ti jiná, ó jẹ iyán lójú wa, ó sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú rẹ̀ nítorí ohun tí ìyá rẹ sọ nípa fìlà mi. Ó ti gbà kí o wá rí òun ní Sátidé. Bóyá ó máa tẹ̀lé ọ padà sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀, òní ni mo kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà gígùn. Láti ìgbà tí o ti wà ní yunifásítì títí o fi gbéyàwó, kò sí ìwé tí mo kọ sí ọ tó ju ojú ewé kan lọ. Èyí máa gùn. Mo fẹ́ kí o kà á nílé kí o tó gun òkè Ọ̀kà lọ, má ṣe kà á nínú mọ́tò. N kò fẹ́ fi fóònù sọ ọ́, nítorí bí mo bá pè ọ́, wàá máa ṣàlàyé, èmi náà á máa dá ọ lóhùn, a ò sì ní sọ ohun tó yẹ ká sọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, torí mo rí i pé bí o ṣe ń sọ ọ́ báyìí ti yàtọ̀ díẹ̀ sí bó ṣe rí.

Sátidé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ni ìwọ àti ìyàwó rẹ wá kí wa níhìn-ín, oṣù keje lẹ́yìn ìgbéyàwó yín. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wa jókòó sí pálọ̀. Ò ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun rẹ àti ọ̀gá rẹ níbẹ̀ fún mi. Fúnmi wà lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn. Ìyá rẹ fi èdè Ọ̀kà bi í, bí àwọn méjèèjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ọ̀kà ṣe máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, pé kí ló ń ṣe é. Fúnmi fi Yorùbá ilé ìwé dá a lóhùn pé, "Kò sí nǹkan kan, mà. Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni." Ìwọ sọ láì yíjú sí i pé láti àná ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kò sí nǹkan. Mo ń dúró kí o parí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ.

Ìyá rẹ dìde. Kò pariwo. Ó mú báàgì rẹ̀, ó ní kí o lọ ṣí mọ́tò, ó ní kí n di Fúnmi mú lápá kan. O bèèrè pé kí ló dé.

Ó ní, "Ètè ọmọ yìí ti funfun, Mìdé, o sì jókòó tì í."

Ìwọ náà wà ní ilé ìwòsàn nígbà tí dókítà ṣàlàyé fún wa. Oyún tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ nípa rẹ̀ ti dúró sójú ọ̀nà, kò dé ilé ọmọ, ibi tó dúró sí ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí aago mẹ́rin tó lù. Dókítà ní ká ní a sọ fún un pé kó lọ dùbúlẹ̀ kó sinmi, òun kò lè sọ bí a ṣe máa bá a nígbà tí a bá lọ jí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, pé kó lọ sinmi. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn èyí ni Fúnmi lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀kà. O lọ kí i. Nígbà tí o lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ fún ọ pé òun kò ní bá ọ padà sí Àkúrẹ́, pé bí òun bá lè fẹ́ẹ̀ kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń bá òun gbé kí ó má mọ̀, kí lòun tún ń wá lọ sílé rẹ̀. Ohun tí o fi dá a lóhùn ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí. O wá nǹkan kan kà lórí fóònù, pé ọpọlọ obìnrin máa ń tètè gbé ohun tó wà lójú ènìyàn, pé ti ọkùnrin kì í rí bẹ́ẹ̀. O fi ránṣẹ́ sí i. O fi ránṣẹ́ sí èmi náà, o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wò ó, Dádì, ẹjọ́ mi kọ́. Bí wọ́n ṣe dá àwa ọkùnrin nìyẹn."

Mo kọ́ ọmọ ní báyọ́lọ́jì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ.

Èkíní. Ohun tí o kà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n o kà á kọjá ibi tó dé. Apá kan wà nínú ọpọlọ tó máa ń ṣiṣẹ́ gidi bí a bá ti rí ojú ènìyàn. Òmíràn tún wà ní inú lọ́hùn-ún tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èkùrọ́ lọ, tó máa ń ta kìjí bí ìbẹ̀rù tàbí ìbínú bá wà lójú tí a ń wò. Ìwọ ní méjèèjì. Fúnmi ní méjèèjì. Bí àwọn tó ń ṣèwádìí bá gbé fótò ojú síwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n sì ní kí wọ́n sọ bóyá inú ń bí ẹni yìí tàbí ẹ̀rù ń bà á, àwọn obìnrin máa ń gbà á díẹ̀ ju àwọn ọkùnrin lọ, wọ́n sì máa ń yá díẹ̀ jù wọ́n lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "díẹ̀" ni ọ̀rọ̀ tí o fò nígbà tí ò ń kà á. Ọkùnrin ga ju obìnrin lọ lápapọ̀, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ga jù ọ́ lọ, o kò sì lè fi ti àwọn ọkùnrin yòókù bò ó mọ́lẹ̀. Ti gíga tilẹ̀ hàn kedere. Ti ojú kíkà kéré sí i jìnnà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ obìnrin lọ.

Ohun tó fa díẹ̀ náà gan-an, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e. Àwọn kan ní bí a ṣe bí wa ni. Àwọn kan ní bí a ṣe tọ́ wa ni. N kò lè dá ẹjọ́ náà. Mo kàn mọ̀ pé nínú ilé tí a bí mi sí, a máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú àlejò kí wọ́n tó gbé omi wá, a sì máa ń sọ fún àwa ọmọkùnrin pé kí a bọ́ síta lọ ṣeré. Bí ènìyàn bá ṣe ohun kan láti kékeré títí ó fi dàgbà, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìwọ fúnra rẹ sì ti já ara rẹ nírọ́. Ṣé o rántí ohun tí ò ń sọ fún mi nínú pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn? O ní láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì lo ti máa ń mọ̀ bóyá inú ọ̀gá rẹ dùn. O ní tó bá ti gbé gíláàsì rẹ̀ sórí irun, kí ẹnikẹ́ni má gbé fáìlì lọ bá a. Tó bá ń fi bírò lu tábìlì, kí o dúró títí yóò fi dáwọ́ dúró. Mo gbọ́, mo sì ń rò ó pé ọmọ yìí gbọ́n. Ọpọlọ tí o fi ń ka ojú ọ̀gá rẹ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí rẹ nígbà tí ìyàwó rẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. O kàn gbé e sí ibi tí o rò pé nǹkan ti lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni.

N kò kọ èyí láti nà ọ́. Èmi náà wà nínú pálọ̀ náà, èmi ni mo sì dàgbà jù níbẹ̀.

Èkejì máa gbà mí láyè díẹ̀, torí ó kan ìyá rẹ, ó sì ti fún mi láyè kí n sọ ọ́.

Bí ìwọ náà ṣe ṣe, Ọ̀kà ni mo ti lọ fẹ́ aya. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, èmi ń sọ Ìkàrẹ́, òun ń sọ Ọ̀kà, a gbọ́ ara wa yé, a sì ń fi ìsọ̀rọ̀ ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ní ọdún kejì, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì wà lọ́mú, yunifásítì gbà mí fún dígírì kejì. Mo gbé lẹ́tà náà wálé, mo fi hàn án. Mo ní, "Ṣé kí n lọ?" Ó kà á, ó pa á pọ̀, ó ní, "Ẹ máa lọ. Kò burú." Mo rántí bó ṣe pè é. Yorùbá ilé ìwé ni, gbogbo àmì ohùn rẹ̀ pé. Inú mi dùn. Mo lọ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá wálé lópin ọ̀sẹ̀, Yorùbá ilé ìwé ló ń bá mi sọ. "Ẹ káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ dé? Oúnjẹ yín wà lórí tábìlì." Olúmìdé, mo rò pé ó ń kọ́ èdè ni. Mo rò pé nítorí pé èmi ti di ọmọ yunifásítì ló fi ń gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tèmi mu. Mo yìn ín níwájú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ kan, mo ní ẹ gbọ́ bí ìyàwó mi ṣe ń sọ Yorùbá tó mọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Àwọn tíṣà náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó lé ní ọdún kan tí nǹkan fi rí báyìí.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ pé ọdún méjì, a lọ ya fótò lọ́dọ̀ Bàbá Gbénró, ayàwòrán kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí ọjà Ìkàrẹ́ nígbà náà. Ó tò wá síwájú aṣọ tí wọ́n ya òdòdó sí. Ó wo inú kámẹ́rà, ó gbé orí sókè, ó tún wò ó. Ó wá ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀. Ẹnu ìyàwó yín ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn ò sí níbẹ̀."

Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo máa wo ẹ̀gbẹ́ mi, omi ti ń dà lójú ìyá rẹ, ó ń bọ́ sórí ọmọ tó gbé lẹ́sẹ̀. Bàbá Gbénró ní òun fẹ́ lọ ra bátìrì, ó sì jáde. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó fi èdè Ọ̀kà sọ ọ́, ó yára débi pé mo pàdánù nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní nínú oṣù tí mo gbé lẹ́tà mi wálé, òun náà ti gba lẹ́tà láti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí mo ń fi tèmi hàn án. Ó ní òun ń dúró kí n wo ojú òun kí n bèèrè, n kò wò ó. Nígbà tí mo lọ tán, ó fà á ya.

Ó ti di olùkọ́ lẹ́yìn náà, ìwọ náà mọ̀, ó sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọlá. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ló fi pẹ́, èmi ni mo jẹ ẹ́ ní ọdún mẹ́rin náà.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ọkùnrin ni Bàbá Gbénró. Iṣẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kó máa wo ojú ènìyàn láràárọ̀, ojú náà sì wá di ohun tó lè kà. Ní ìdàkejì, o mọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Dúróṣọlá. Obìnrin pátápátá ni, ọmọ mẹ́fà ló bí, síbẹ̀ ó lè wọlé bá ẹni tó ń sunkún kó bi í bóyá iyọ̀ kù nílé. Bí o bá tún fẹ́ sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe dá ọkùnrin nìyí, bí wọ́n ṣe dá obìnrin nìyí, kọ́kọ́ rò ó bí wọ́n ṣe dá àwọn méjèèjì yẹn.

Ìkejì ni pé kò sí ojú kan tí a lè pè ní ojú obìnrin. Ojú Fúnmi ló wà. Bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe ni òun náà ń ṣe: bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, Ọ̀kà ló ń sọ, bí nǹkan bá ń dùn ún tí kò fẹ́ da ènìyàn láàmú, ó máa ń wọ Yorùbá ilé ìwé bí ẹni wọ aṣọ. Ìyá rẹ sọ fún mi pé kó tó rí ètè rẹ̀ rárá, ohùn yẹn ló jẹ́ kí òun gbé orí sókè. Èmi tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ náà níwájú aṣọ olódòdó, mo tún gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, n kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, má rò pé ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tán ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta. Wíwo ojú nìkan kò tó. Ọdún kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́ǹsì maikirosíkóòpù kan ṣoṣo tí ilé ìwé wa ní sọnù. Ọmọ méjì péré ló wọ yàrá náà lọ́jọ́ yẹn, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan tó wá láti Ògbàgì. Mo pè wọ́n. Ọmọkùnrin wo mí lójú tààrà, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin wo ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè gbé ojú sókè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, mo sì ti gbọ́ níbì kan pé ẹni tó ń purọ́ kì í lè wo ènìyàn lójú. Mo ní kí ọmọbìnrin náà máa gé koríko fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́ǹsì náà jáde nínú àpótí ọmọkùnrin nígbà tí wọ́n ń lọ fún ìsinmi.

Mo lọ bẹ àwọn òbí rẹ̀ ní Ògbàgì. Bàbá rẹ̀ dárí jì mí kíá. Ìyá rẹ̀ ò dá mi lóhùn títí mo fi fẹ́ máa lọ, ló bá bi mí pẹ̀lẹ́ pé, "Tíṣà, Ìkàrẹ́ náà kọ́ nilé yín ni? Ta ló kọ́ yín níbẹ̀ pé kí ẹ máa wo bàbá yín lójú?"

Gbogbo wa là ń tọ́ ọmọ wa kí wọ́n rẹ ojú sílẹ̀ fún àgbà, mo sì fi ìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé wọ́n tọ́ ọ. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Fúnmi nílé wa. Ìyàwó ilé ni, ó wà níwájú bàbá ọkọ rẹ̀, ó rẹ ojú sílẹ̀, àwa méjèèjì sì pè é ní ìtẹríba. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ pé bí o bá wo ojú, kí o tún fi ẹnu bèèrè, bí o bá sì bèèrè tí ó ní kò sí nǹkan, kí o tún bèèrè ní ọ̀nà mìíràn. "Níbo ló ń dùn ọ́?" yàtọ̀ sí "Ṣé kò sí?" Ẹni tí a bi pé ṣé kò sí, a ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu.

Kí o má bàa rò pé ẹkún nìkan ni mo ní í sọ, jẹ́ kí n sọ ti ìlú Àfìn fún ọ, tí ìyá rẹ ṣì fi ń bú mi títí dòní. Nígbà tí wọ́n rán wa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, Àfìn ni wọ́n gbé mi lọ. Ọmọge kan wà níwájú ilé tí mo dé sí. Láràárọ̀ tí mo bá ń kọjá, á wò mí, á fún ojú pọ̀ díẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo kọ lẹ́tà sí i, ojú ewé méjì, mo fi lọ́fíńdà wọ́n ọn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń sọ nǹkan láàárín ara wọn ní èdè ilé wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, n kò gbọ́ ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ọmọge náà ló wá là mí lóye. Ó ní àbúrò òun kò ríran jìnnà ni, pé bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀, á fún ojú pọ̀ kó lè mọ ẹni tó jẹ́, bí kò bá sì dá a mọ̀, á rẹ́rìn-ín kí wọ́n má bàa sọ pé ó ní ìgbéraga. Ó ní ó ti rẹ́rìn-ín sí ewúrẹ́ rí.

Mo sọ èyí nítorí pé ojú tí a ò rí kọ́ nìkan ni àléébù wa. A tún máa ń rí èyí tí a fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọkùnrin máa ń tètè ka inú rere obìnrin sí ohun mìíràn, èyí náà sì wà nínú ohun tí àwọn olùwádìí sọ. O ti wà ní ọ́fíìsì tí àwọn obìnrin pọ̀ sí. Bí obìnrin kan bá rẹ́rìn-ín sí ọ níbẹ̀, kọ́kọ́ gbà pé ó ń kí ọ ni.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ti òní.

Ìyá Fúnmi gbà wá dáadáa. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Mo bẹ Fúnmi fún tèmi. Mo ní mo wà nínú pálọ̀, mo ní ojú, n kò lò ó. Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ náà kò gbè é jù, o mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ náà, bí ó bá ń dùn ọ́, sọ ọ́ kó dún. Ojú mi ò ní máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo." Fúnmi gbà. Ó ní òun ti rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, pé òun náà fi ọ̀rọ̀ pamọ́ jù.

Mo wá bi í pé kí ló bí i nínú sí ọ jù, torí mo fẹ́ mọ ohun tí mo máa wá sọ fún ọ. Ó ní, "Dádì, mi ò bínú pé kò rí i. Èmi náà ò mọ̀ pé ikú ni. Ìgbà tó wá mọ̀ tán, ìwé ló lọ kà. Títí di òní, kò tíì bi mí pé báwo ló ṣe rí lára mi lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní, "Kò bi ọ́ rí?"

Ó ní, "Ó bi mí bóyá mo ti lo oògùn."

Ọmọ mi, mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tún gbé padà sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Gbénró. Ṣùgbọ́n inú mi tún fúyẹ́, torí ohun tó fẹ́ kò pọ̀, ó sì wà níkàáwọ́ rẹ. Ká ní ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni, kí la fẹ́ ṣe sí i? Ọ̀rọ̀ pé o kò bèèrè ni. Ìyẹn ṣeé ṣe kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú.

Nítorí náà, má gbé ẹ̀bùn lọ. Má bá ẹnikẹ́ni dání lọ, má pe pásítọ̀. Fi fóònù sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún wa pé òun máa lọ sọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì ní yára dé. Jókòó sí ibi tí o ti lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. Bi í léèrè ọjọ́ náà láti ìgbà tó jí. Ó máa gùn. Bó bá dé ibi tó kàn ọ́, tí ó bá ń ṣe ọ́ bíi pé kí o ṣàlàyé, fi eyín mú ahọ́n rẹ. Bó bá sunkún, má sọ fún un pé ó ti tán. Kò tíì tán lára rẹ̀. Ọmọ ni wọ́n gbé jáde nínú rẹ̀, ọmọ tìrẹ náà sì ni, bóyá ìwọ náà kò tíì rí àyè sunkún. Bí o bá fẹ́ sun ún, sun ún níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí ó bá tẹ̀lé ọ, ẹ máa lọ. Bí ó bá ní kí o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, dúpẹ́, kí o padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá rẹ jókòó síhìn-ín, ó ń yẹ ẹ̀wà wò, ó ní kí n má kọ ọ́ di ìwé ìtàn. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti dárí jì ọ́ ní ti ohùn tí o fi dá òun lóhùn nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, àti pé kí o jẹun kí o tó gbéra. Èmi náà kí ọ. Ọlọ́run tó fi ìyàwó rẹ sílẹ̀ fún wa ni mo fi ọ́ lé lọ́wọ́.

Ohun kan kù tí mo rí, tí n kò sọ fún ìyá rẹ pàápàá, torí mo fẹ́ kó jẹ́ ojú tèmi ló rí i. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, ilẹ̀kùn yàrá Fúnmi ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Báàgì méjì ló wà lórí ilẹ̀. Ó ti di ẹrù sínú ọ̀kan, ó ti fa síìpù rẹ̀ pa. Ìkejì ṣì ṣí sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.